Ìdọ̀bálẹ̀ Mẹ́wàá Lábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú, nítorí láti ìgbà tí mo ti jí ni mi ò ti yé wo aago. Mo fọn fèrè, àwọn ọmọ sì jáde sí àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ láti wá ṣe eré ìdárayá àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí wọ́n ti jókòó sílé. Wọ́n jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fipá mú wá síbi ìpàdé ẹbí.

Òjò ọdún yẹn ló fa ìjókòó sílé náà. Ó rọ̀ ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, bí ẹni pé òun àti ilé alámọ̀ ní ìjà láàárín ara wọn. Ìjọba sún ọjọ́ ìwọlé síwájú. Nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì wọlé tán, tiwa ṣì wà ní títì, nítorí ògiri àgbàlá àti kíláàsì méjì ti wó. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni, ní àdúgbò Koira Kano. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù níbẹ̀, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn: àwọn kan jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn kan jẹ́ ọmọ oníṣòwò. Títí wọ́n fi tún ògiri náà mọ tán, inú ilé làwọn ọmọ wà pẹ̀lú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sùn, àwọn òbí sì ń dúpẹ́ pé wọn ò sí níta nínú ẹrẹ̀.

Èmi ni olùkọ́ eré ìdárayá tuntun. Ẹ̀kọ́ nípa ara àti eré ìdárayá ni mo kà ní yunifásítì ní Nàìjíríà. Mo kàwé tán, mo sin ìlú tán, mo wá iṣẹ́ títí, kò sí. Ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ń ta ike lọ́jà ní Niamey, bá ní kí n máa bọ̀. Màmá ni mo ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, àwọn ará wa sì ti ń tajà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé ní àdúgbò Boukoki. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí mo kà fún un, ó ní, "Ọdún mẹ́rin lo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò sókè?"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe fífò nìkan."

Ó ní, "O kú iṣẹ́. Ewúrẹ́ ò lọ yunifásítì rárá, ó sì ń fò."

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà mí láti fi dán mi wò. Kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ó ní àwọn òbí kan ò rí ìwúlò eré ìdárayá, pé àwọn ọmọ ti pàdánù ẹ̀kọ́ púpọ̀ nílé, wọ́n sì fẹ́ kí wákàtí náà di ti ẹ̀kọ́ Faransé. Wọn yóò ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ ní ìparí oṣù. Bí wọ́n bá ní kí eré ìdárayá dúró, mo níṣẹ́. Bí wọ́n bá ní ó tó gẹ́ẹ́, Màmá ti rán mi létí pé ọkọ̀ ń lọ sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ló wà nínú wákàtí kan. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù iṣẹ́ nìkan. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láyé lè jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò nílò. Ìtìjú wà nínú ẹ̀rù náà, ìbínú díẹ̀ wà nínú ìtìjú náà, mo sì tún ń tijú ìbínú ọ̀hún. Báyìí ni mo ṣe rí nígbà tí mo gbé fèrè sẹ́nu.

Mo ní kí wọ́n sáré yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀kan péré. Àgbàlá náà ò tóbi. Bí o bá ju bàtà láti igun kan, ó lè ba ẹni tó jókòó ní igun kejì. Síbẹ̀, kí wọ́n tó dé ìdí igi dóńgóyárò, àárẹ̀ ti mú wọn ní èdè mẹ́ta. Ọ̀kan ní "Na gaji", Hausa nìyẹn. Èkejì ní "Ay farga", Zarma nìyẹn. Ẹ̀kẹta fi Faransé sọ pé ó rẹ òun. Mo dúró kí ẹnì kan fi Yorùbá sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ti jókòó sílẹ̀, ẹnu wọn ò gbé ọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ dáadáa gbé ojú sókè wò mí. Ó ní, "Mùsé, ṣé ẹ ò lè sáré kí àwa máa wò yín?" Mùsé ni wọ́n ń pe olùkọ́ ọkùnrin níbí, ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹnu àwọn ọmọ ti gé kúrú.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣeré nílé. Àwọn kan á máa sáré nínú tẹlifíṣọ̀n, àwa á máa wò wọ́n."

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sáré yí àgbàlá po tán. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Báńkì kan ní àdúgbò Plateau ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó dé iwájú mi, ó fọwọ́ di àyà mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi sì lé sí i lójú. Mo rò pé nǹkan kan ń dùn ún.

Ó ní, "Mùsé, tẹ́lẹ̀ mo máa ń yí i po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mi ò mọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi."

Mo ní, "Ìjókòó ló ṣe é. Yóò padà bọ̀ sípò."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni."

Èmi tí mi ò mọ̀ bóyá màá wà ní ìlú náà lóṣù tó ń bọ̀, mo ṣèlérí ẹsẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní Ọjọ́rú, mo dán apá wọn wò. Mo ní kí wọ́n dojú bolẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti ara wọn sókè. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wò mí. "Mùsé, iyanrìn wà níbẹ̀." "Mùsé, ìyá mi ní kí n má fi yunifọ́ọ̀mù kan ilẹ̀." "Mùsé, èèrà." Bí a ṣe ń ṣe àríyànjiyàn nípa èèrà lọ́wọ́ ni alága ẹgbẹ́ àwọn òbí wọlé. Bàbá àgbà ni, díákónì ni, ó ń ta páàtì mọ́tò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni abẹ gé láàárín àwọn òbí. Òun gan-an ni yóò darí ìpàdé tí mo ń bẹ̀rù.

Àwọn ọmọ fi Faransé kí i bí ẹgbẹ́ wọn pé, "Sa va, Bàbá!" Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wa sì na ọwọ́ sí i kí wọ́n bọwọ́. Bàbá wo ọwọ́ náà bí ẹni pé wọ́n na alángbá sí òun. Kò gbà á.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Olùkọ́, ṣé ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó fún ọ, àbí ọmọ ta ni?"

Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ni mo fi fèsì. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà." Bí àyà mi ṣe kan iyanrìn, tí mo sì fọwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde, ni iṣan apá mi sọ ohun tí yunifásítì ò sọ fún mi. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọmọ náà sí gan-an nìyí! Àárọ̀ kan ò lọ nígbà tí mo wà ní kékeré kí bàbá mi má mú mi ṣe é, láìsí fèrè.

Nígbà tí Bàbá lọ tán, mo sọ fún wọn pé a ò ṣe eré ìdárayá mọ́. A fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn. Mo fi hàn wọ́n: àyà kan ilẹ̀, "ẹ káàárọ̀", dìde, àyà kan ilẹ̀, "ẹ káàárọ̀", dìde. Mo wà nílẹ̀ níwájú wọn ní ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin nígbà tí ìyá kan tó pẹ́ mú ọmọ rẹ̀ dé já wọlé. Ó dúró, ó káwọ́ mọ́ra.

Ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́! Kí lẹ ṣẹ̀ wọ́n?"

Mo ní, "Mà, mo ń kọ́ wọn ni."

"Ẹ ń kọ́ wọn. Àwọn ló dúró, ẹ̀yin lẹ dọ̀bálẹ̀." Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dárí jì í o!"

Ojú tì mí títí ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ gba eré náà, wọn ò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí àgbàlagbà tí wọ́n lè kí kò tó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí nǹkan. Wọ́n kí igi dóńgóyárò ní ìdọ̀bálẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n kí ògiri tuntun, wọ́n ní kó má wó mọ́. Wọ́n á tún sáré láti ìdí igi lọ kí géètì, wọ́n á sáré padà wá kí igi, nítorí mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá kí ẹnì kan láìkí èkejì kò ní ìwà. Ọlọ́run dárí jì mí. Bí mo bá ní kí wọ́n sáré, ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Bí mo bá ní kí wọ́n lọ kí géètì, wọ́n á gbéra.

Àwọn obìnrin, ìkúnlẹ̀ ni mo fún wọn: orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, kí wọ́n sì dìde láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó ṣe é nígbà mẹ́wàá kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ elẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wá bá mi.

Ó ní, "Mùsé, kí ló dé tí àwa ò ṣe ti àwọn ọkùnrin? Ìkúnlẹ̀ ò mú apá mi le."

Mo ronú sí i. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, iṣan apá kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Mo ní, "Ṣe méjèèjì." Mo rò pé ìdáhùn ọlọ́gbọ́n ni mo fún un. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bí láàárín ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, mo gbàgbé pé kì í ṣe inú àgbàlá wa nìkan lọmọ náà máa ń wà.

Kí oṣù tó parí, mo rí ìyàtọ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wa ń yí àgbàlá po láìjókòó. Ọmọbìnrin náà padà sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún rẹ̀, ó tún fi ọ̀kan lé e kí n lè rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òbí rí yàtọ̀ sí tèmi. Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ dá mi dúró ní géètì.

"Olùkọ́, ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀méje láàárọ̀ yìí. Mo sáré lọ wo tẹlifíṣọ̀n, mo rò pé ó ti fọ́ ọ. Tẹlifíṣọ̀n wà dáadáa! Ìwà ló ní!"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alága bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, ó ní mo ń dá àwọn ọmọ padà sí ìwà ilé wa. Màmá tó dúró tì mí wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n ń yìn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún wọn nígbà náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ètè lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì gbé e mì. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó dùn bíi ti ẹni tí wọ́n kí kú oríire ìgbéyàwó tí kì í ṣe tirẹ̀. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń rọ̀ ọ́ kó jẹ ẹ́, ebi sì ń pa á. Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n fi ìpàdé sí ku bí ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà dé láti Nàìjíríà. Wọ́n pe ọmọ sí pálọ̀ kó wá kí bàbá àgbà. Ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣe é lọ, ó ń kà á sókè, títí ó fi pé mẹ́wàá, lójú gbogbo àlejò. Wọ́n ní bàbá àgbà náà béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Àbúrò mi, ṣé ọkùnrin lo bí ni, tí o ò sọ fún wa?"

Inú kíláàsì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Alága ní kí wọ́n yìn mí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ọmọbìnrin náà kò pàtẹ́wọ́. Ó dìde.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi olùkọ́ yìí. Ìlú wo ni obìnrin ti ń dọ̀bálẹ̀?"

Alága yí ọrùn sí mi díẹ̀díẹ̀. "Olùkọ́, ìwọ lo kọ́ ọ?"

Mo rí i pé kò sí ibi tí mo lè sá sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ronú kàn ni láti dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an lẹ̀sùn. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe ìkíni ni. Eré ìdárayá ni."

Alága ní, "Èwo ni eré ìdárayá?"

"Gbogbo rẹ̀, sà. Ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀, kíkí géètì. Apá wọn ò lágbára, èémí wọn ò délẹ̀. Wọn ò gbà láti ṣe é bí eré, mo wá ní kí wọ́n ṣe é bí ìkíni."

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ fọwọ́ lé àyà. "Ẹ dúró ná. Ìdọ̀bálẹ̀ tí ọmọ mi ń ṣe fún mi láràárọ̀, kì í ṣe èmi ló ń kí?"

"Ẹ̀yin ló ń kí, mà. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ náà ń lágbára sí i."

"Ta ló ń kí gan-an, èmi àbí apá rẹ̀?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, alága sì wò ó títí ó fi dẹ́kun. Mo tẹ̀ síwájú, mo sọ fún wọn bí àwọn ọmọ náà ṣe rí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti bí wọ́n ṣe rí báyìí. Mo sọ nípa ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Ohùn mi ń gbọ̀n. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀rù ló ń mú un gbọ̀n, pé kì í ṣe àìbọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà mo tún ṣàlàyé àlàyé náà, títí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi ní, "Ẹ jókòó, ó ti yé wọn."

Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Alága wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀, tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní àwọn òbí ti gbà pé wákàtí náà dúró, a ò ní fi fún ẹ̀kọ́ Faransé. Ó ní èmi ló ni iṣẹ́ náà. Ọkàn mi fò sókè. Ó wá ní, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́ ilé ni yóò máa jẹ́. Àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe yẹ. Àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, kò sí méjèèjì. Inú kíláàsì ni a ó ti máa ṣe é, kí yunifọ́ọ̀mù má bàa dọ̀tí, kí ẹnikẹ́ni má sì làágùn. Ìyókù wákàtí náà, wọn yóò jókòó, kí n máa ṣàlàyé ìwà fún wọn.

Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ní, "Ṣíṣàlàyé yẹn, ó mọ̀ ọ́n."

Báyìí ni mo ṣe rí iṣẹ́ nínú ohun tí mi ò kà, tí ohun tí mo kà sì pàdánù tirẹ̀. Níta, ọmọbìnrin náà ń dúró de bàbá rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó sáré wá láti ìdí géètì, ẹnu rẹ̀ pa dé, imú ló fi ń mí.

Ó ní, "Mùsé, ṣé a máa sáré lọ́jọ́ Ajé?"

Kí n tó dáhùn, bàbá rẹ̀ ní, "Wọ inú mọ́tò." Ó wọlé. Bàbá náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó tiẹ̀ dúró, ó ní kí n má gbà á sí ìbínú, pé òun náà fẹ́ kí ọmọ òun lera, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun ni ó tọ́ òun dàgbà. Ó yé mi. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn: gbogbo wọn ló yé mi.

Nígbà tí mo dé Boukoki, Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ike tó ń tà. "Ìwọ! Ẹ̀kọ́ ilé! Ìwọ tí mo ń pariwo kí o tó kí mi láàárọ̀!" Ó wá nu ojú, ó ní kí n gba iṣẹ́ náà, kí n má ṣe ọ̀mùgọ̀, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kà.

Ọ̀gá fẹ́ gbọ́ èsì mi kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí sí yín, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọmọ àti ẹ̀yin tí wọ́n tọ́. Bí mo bá kọ̀, wọn á fi wákàtí náà fún ẹ̀kọ́ Faransé, èmi á sì wọ ọkọ̀ lọ sílé. Bí mo bá gbà, èmi ni màá máa sọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kó jókòó. Ọ̀nà kẹta kan wà lọ́kàn mi. Mo lè sọ fún àwọn òbí pé ẹ̀kọ́ ilé ò pé láìjẹ́ pé a lọ kí àwọn àgbà nílé wọn, kí n wá máa fi ẹsẹ̀ kó àwọn ọmọ láti Koira Kano lọ kí ẹni tó ń ṣàìsàn, lọ kí ẹni tó bímọ, lọ kí Màmá mi ní Boukoki, ká sì máa rìn kíákíá. Ṣùgbọ́n ìyẹn tún jẹ́ pé mo ń fi nǹkan kan bo nǹkan mìíràn, ẹ sì ti rí ibi tí ti àkọ́kọ́ gbé mi dé. Àbí kí n lọ bá bàbá ọmọbìnrin náà ní Plateau, kí n bẹ̀ ẹ́ tààrà pé kó jẹ́ kí ọmọ máa sáré? Bí ẹ̀yin bá wà ní ipò mi, kí lẹ máa sọ fún ọ̀gá, kí lẹ sì máa sọ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ Ajé?